Ṣé Ìkà Ni Ìgbàgbọ́ Nínú Pọ́gátórì?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú mi ọ̀wọ́n, ọmọ Ọ̀gbómọ̀ṣọ́ ni mí, inú Ìjọ Onítẹ̀bọmi ni wọ́n sì ti tọ́ mi dàgbà, ṣùgbọ́n Àgùdà ni ọkọ mi, Kubwa níbí ní Àbújá la sì ń gbé. Ìyá ọkọ mi papòdà ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Lọ́jọ́ ìsìnkú, Fadá ní kí a máa gbàdúrà kí Ọlọ́run tètè yọ wọ́n kúrò nínú iná Pọ́gátórì, tí wọ́n ní ó ń wẹ ọkàn mọ́ lẹ́yìn ikú kó tó wọ ọ̀run, ẹbí sì ti ní kí kálukú dá owó fún Mísà ọgbọ̀n ọjọ́. Màmá jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ kí wọ́n tó kú, wọ́n sì gba òróró mímọ́. Bí Ọlọ́run bá ti dárí jì wọ́n, kí ló tún ń fìyà jẹ wọ́n sí? Olè orí àgbélébùú ńkọ́, tí Jésù ṣèlérí Párádísè fún lọ́jọ́ náà gan-an? Ṣé òkú tálákà tí kò ní ẹni tí yóò sanwó Mísà ni yóò wá pẹ́ jù níbẹ̀? — Ìyàwó Ilé, Kubwa.

ÌDÁHÙN: Ìyàwó Ilé, ẹ kú àṣẹ̀yìndè, Ọlọ́run yóò tù yín nínú. Àgùdà ni èmi tí mò ń dá yín lóhùn. Mo sọ ọ́ kí ẹ lè mọ ibi tí mo dúró.

Ohun tí Ìjọ fi lélẹ̀ kéré sí ohun tí à ń gbọ́ níbi ìsìnkú. Nínú ìpàdé ńlá àwọn bíṣọ́ọ̀bù Ìjọ, ti Florence ní 1439 àti ti Trent ní 1563, ohun tí wọ́n fẹnu kò sí ni pé ìwẹ̀nùmọ́ wà lẹ́yìn ikú fún ẹni tó kú nínú ìfẹ́ Ọlọ́run, àti pé àdúrà àwa alààyè ń ran irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Wọn kò fi iná sínú ìpinnu náà, wọn kò sì ka ọdún sí i. Ti Trent tilẹ̀ pàṣẹ pé kí àwọn bíṣọ́ọ̀bù dẹ́kun ohunkóhun tó bá jọ ìgbàgbọ́ asán tàbí èrè àìtọ́. Ní Oṣù Kẹjọ 1999, Póòpù John Paul Kejì ṣàlàyé pé Pọ́gátórì kì í ṣe ibì kan, ipò tí ọkàn wà ni. Nítorí náà, ẹni tó bá ń fi iná dẹ́rù ba àwọn ọlọ́fọ̀ lẹ́bàá pósí ń sọ ju ohun tí Ìjọ rán an lọ, èmi kò sì ní gbè é lẹ́yìn.

Ẹ wá gbọ́ ìdí tí mo fi gbà pé ẹ̀kọ́ náà fúnra rẹ̀ kì í ṣe ìkà. Ká ní ọkùnrin kan lé àwọn ọmọ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú fi sílẹ̀ jáde nínú ilé bàbá wọn, ó ta ilé náà, ó sì fi owó rẹ̀ ra ilẹ̀ sí Lugbe. Lẹ́yìn ogún ọdún, lórí ibùsùn àìsàn, ó sunkún, ó jẹ́wọ́, Ọlọ́run sì dárí jì í tọkàntọkàn, ṣùgbọ́n kò rí ojúmọ́ ọjọ́ kejì. Ẹ̀bi ti kúrò lọ́rùn rẹ̀, àmọ́ ojúkòkòrò tó ti mọ́ ọn lára kò tíì kúrò, kò sì tíì fojú kan àwọn ọmọ náà. Bó bá wọ ọ̀run bẹ́ẹ̀, ojú wo ni yóò fi wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀? Bí a bá sì sọ ọ́ sí ọ̀run àpáàdì, ẹkún rẹ̀ ti di asán nìyẹn. Lójú tèmi, àìsí ìwẹ̀nùmọ́ gan-an ni ì bá jẹ́ ìkà sí i, ì bá sì jẹ́ ìrẹ́jẹ sí àwọn ọmọ tó lé jáde. Ìrora tó wà nínú rẹ̀ dà bí ti ẹni tí eegun rẹ̀ jinná ní wíwọ́, tí wọ́n ń tò ó padà kó lè rìn. Catherine mímọ́ ti Genoa tilẹ̀ kọ́ni pé, yàtọ̀ sí ayọ̀ ọ̀run, kò sí ayọ̀ tó tó ti àwọn ọkàn wọ̀nyí, nítorí ibi tí wọ́n ń lọ dá wọn lójú.

Ọ̀rọ̀ olè náà lágbára, mi ò ní fojú kéré rẹ̀. Àwọn Áńgílíkà pẹ̀lú kò gba Pọ́gátórì, bó ṣe wà nínú abala 22 ìwé ìlànà ìgbàgbọ́ wọn. Ìdáhùn wa ni pé kì í ṣe gbogbo òkú ló gbọ́dọ̀ gba ibẹ̀ kọjá. Ọkùnrin yẹn jìyà tirẹ̀ lórí igi, ó sì fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ó tọ́ sí òun.

Ọ̀rọ̀ owó ló dùn mí jù, nítorí bí ó bá rí bí ẹ ṣe bẹ̀rù rẹ̀ yẹn, ìrẹ́jẹ pátápátá ni. Owó Mísà kì í ṣe iye tí a fi ń ra ọkàn padà. Òfin Ìjọ ti 1983, nọ́ńbà 945, rọ àwọn Fadá gidigidi pé kí wọ́n máa ṣe Mísà fún ohun tí àwọn onígbàgbọ́, pàápàá àwọn aláìní, ń tọrọ, bí wọn kò tilẹ̀ gba kọ́bọ̀. Nínú gbogbo Mísà pẹ̀lú la ti ń gbàdúrà fún gbogbo òkú, títí kan ẹni tí kò ní ọmọ, ọjọ́ kejì Oṣù Kọkànlá sì jẹ́ tiwọn ní gbogbo ayé.

Bí owó ọgbọ̀n ọjọ́ náà bá wúwo fún yín, kí ọkọ yín lọ sọ ọ́ fún Fadá láìtijú, kí ó sì tọrọ Mísà àárọ̀ ọjọ́ kan péré. Ẹ̀yin náà lè bá a lọ, kí ẹ jókòó sẹ́yìn bó bá tẹ́ yín lọ́rùn bẹ́ẹ̀, nígbà tí wọ́n bá sì dé ibi àdúrà fún àwọn òkú, ẹ dárúkọ Màmá.