Ṣé rúlà ni wọ́n fi pín ilẹ̀ àwọn Lárúbáwá lóòótọ́?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi ń jiyàn, ó ní ọkùnrin méjì péré ló jókòó ti máàpù tí wọ́n fi rúlà fa ààlà Síríà àti Ìráàkì, mo ní kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ta ló jàre?

ÌDÁHÙN: Ọ̀rẹ́ yín jàre, àmọ́ ìlàjì ni. Ọkùnrin méjì yẹn wà, Mark Sykes ọmọ Gẹ̀ẹ́sì àti François Georges-Picot ọmọ Faransé. Lóṣù Kejìlá 1915, Sykes sọ fáwọn mínísítà Gẹ̀ẹ́sì pé òun fẹ́ fa ìlà láti ara "e" tó gbẹ̀yìn Acre (ìlú etí òkun ní Palẹstínì) títí dé "k" tó gbẹ̀yìn Kirkuk (ìlú kan ní Ìráàkì). Ẹ ò rí nǹkan! Lẹ́tà orí máàpù lásán, kì í ṣe odò, kì í ṣe òkè, ká má tiẹ̀ sọ pé ẹnì kan bi àwọn tó ń gbébẹ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù Karùn-ún 1916 wọ́n ti parí àdéhùn níkọ̀kọ̀, Rọ́ṣíà sì mọ̀ sí i. Ogun ṣì ń lọ lọ́wọ́ o, ìjọba Ottoman, ìyẹn ìjọba àwọn Tọ́kì tó nilẹ̀, ò tíì kú, wọ́n ti ń pín ogún ẹ̀.

Èyí tó bí mi nínú jù ni pé nígbà yẹn gan-an ni McMahon, aṣojú Gẹ̀ẹ́sì ní Íjíbítì, ń kọ̀wé sí Hussein olórí Mẹ́kà pé tó bá dìde sáwọn Tọ́kì, àwọn á ti òmìnira àwọn Lárúbáwá lẹ́yìn (ó yọ apá kan sílẹ̀, ọ̀rọ̀ tó fi yọ ọ́ ni wọ́n ṣì ń jà lé lórí). Hussein sì dìde lóòótọ́, lóṣù Kẹfà 1916.

Àṣírí ò tú àfi ìgbà táwọn Bolshevik, ìyẹn ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì, gbàjọba ní Rọ́ṣíà lọ́dún 1917, wọ́n rí ìwé náà nínú fáìlì, wọ́n bá gbé e sínú ìwé ìròyìn.

Ibi tí ọ̀rẹ́ yín ti ṣì í rèé: ààlà òní kọ́ ni ìlà yẹn. Faransé ni wọ́n pín ìlú Mosul fún, lẹ́yìn ogun ni Clemenceau, olórí ìjọba Faransé, yọ̀ǹda ẹ̀ fún Lloyd George, olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, Mosul sì di ara Ìráàkì. Ìpàdé San Remo ní Ítálì, oṣù Kẹrin 1920, ni wọ́n ti fi Síríà àti Lẹ́bánónì sọ́wọ́ Faransé, Ìráàkì àti Palẹstínì sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́dún 2014 táwọn agbébọn ISIS fi katakata wó òkìtì iyẹ̀pẹ̀ ààlà Síríà àti Ìráàkì, wọ́n ní àwọn ti pa ìlà Sykes-Picot rẹ́, àwọn náà ò yẹ máàpù wò.