Ṣé Irọ́ Ni Ẹsẹ Bíbélì Tí Mo Dì Mú Pa fún Mi?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ ìkọ́ni, Olùkọ́. Láràárọ̀ ni mo máa ń ṣí Bíbélì mi, ibi tí ojú mi bá sì kọ́kọ́ bà sí ni mo máa ń gbà bí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run fún ọjọ́ náà. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò fún iṣẹ́ kan, Jeremáyà 29:11 ni mo bá pàdé, níbi tí Olúwa ti ní èrò àlàáfíà lòun ń rò sí wa, kì í ṣe ti ibi. Mo ní ó ti parí. Wọn ò gbà mí síṣẹ́ náà. Látìgbà yẹn, ọkàn mi kì í balẹ̀ mọ́ tí mo bá ṣí Bíbélì. Ṣé Ọlọ́run ò sọ̀rọ̀ ni, àbí èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n kà?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìrọ́jú, arábìnrin mi. Ìjákulẹ̀ tó bá bá èèyàn nídìí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run máa ń dùn wọra, mi ò sì ní fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ọlọ́run ò purọ́ fún yín. Àmọ́ lẹ́tà lẹ ṣí, gbólóhùn kan ṣoṣo lẹ sì kà nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ẹsẹ kìn-ín-ní. Jeremáyà wà ní Jerúsálẹ́mù, ó ń kọ̀wé sí àwọn tí Nebukadinésárì ti kó lẹ́rú lọ sí Bábílónì ní ọdún 597 ṣáájú ìbí Krísti. Ní orí 28, wòlíì kan tó ń jẹ́ Hananáyà ti dìde nínú tẹ́mpìlì, ó ní kí ọdún méjì tó pé, Olúwa á ti kó gbogbo wọn padà wálé. Ọ̀rọ̀ náà dùn débi pé Jeremáyà fúnra rẹ̀ ṣe àmín sí i, kí Olúwa tó rán an padà láti sọ fún Hananáyà pé irọ́ ló ń pa. Lẹ́yìn èyí ni lẹ́tà náà tẹ̀ lé e: ẹ kọ́ ilé, ẹ gbin ọgbà, ẹ gbéyàwó, ẹ bímọ, ẹ sì gbàdúrà fún àlàáfíà ìlú tí mo kó yín lọ. Ẹsẹ 10 wá sọ iye ọdún tí wọ́n máa lò: 70 ọdún. Ìgbà yẹn la tó dé ẹsẹ 11 tẹ́ ẹ dì mú, “nítorí” ló sì fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ti pé ẹni ogójì ọdún lọ́jọ́ tí wọ́n ka lẹ́tà náà, ilẹ̀ àjèjì ni yóò sun. Síbẹ̀ ìlérí náà kàn án.

Ẹ tún wo “yín” tó wà nínú ẹsẹ náà. Lẹ́nu àwa, a máa ń fi “yín” bọ̀wọ̀ fún ẹnì kan. Ọlọ́run kì í lò ó bẹ́ẹ̀ nínú Bíbélì wa: tó bá ń bá Jóṣúà nìkan sọ̀rọ̀, “ìwọ” àti “rẹ” ló ń lò. Níbi tẹ́ ẹ bá ti rí i tó ń sọ “yín”, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń bá sọ̀rọ̀. Gbogbo àwọn ìgbèkùn yẹn ló ṣèlérí fún, kì í ṣe ẹnì kan tó ń wá iṣẹ́.

Ṣé ẹsẹ náà kò wá kàn yín ni? Ó kàn yín gan-an, nítorí Ọlọ́run tó kọ lẹ́tà yẹn kò yí padà. Ohun tó ń sọ ni pé ẹni tó bá ara rẹ̀ níbi tí kò fẹ́ wà, òun kò gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀, kó má sì dá ìgbé ayé rẹ̀ dúró títí dìgbà tí nǹkan bá yí padà. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ yìí wúlò fún yín lẹ́yìn tí wọn ò gbà yín ju bó ṣe wúlò láàárọ̀ ọjọ́ náà lọ.

Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan lẹ̀ ń kà á báyìí. Nọ́ńbà tó wà lára ẹsẹ gan-an wà lára ohun tó ń tàn wá. Jeremáyà kò kọ nọ́ńbà kankan. Orí tí à ń lò lónìí wá láti ọ̀dọ̀ Stephen Langton, àlùfáà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, ní nǹkan bí 800 ọdún sẹ́yìn, Robert Estienne, atẹ̀wé ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló sì fi nọ́ńbà ẹsẹ sínú Májẹ̀mú Tuntun tó tẹ̀ jáde ní 1551. Ó jẹ́ ká tètè rí ibi tí à ń wá, àmọ́ ó tún jẹ́ kó rọrùn láti já gbólóhùn kan gbà kúrò lára ọ̀rọ̀ tó bí i. Sátánì pàápàá ka Sáàmù 91 fún Jésù. Ó ka ibi tó ní Ọlọ́run yóò pàṣẹ fún àwọn áńgẹ́lì láti pa á mọ́, ó sì fo “ní gbogbo ọ̀nà rẹ” kọjá. Èsì Jésù ni pé, “A tún kọ ọ́ pé,” ó sì mú ibòmíràn wá láti inú Diutarónómì.

Irú ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ ń kà tún ṣe pàtàkì. Mo ti jókòó ti òbí tó ń sunkún nítorí Òwe 22:6, tó ní ọmọ tá a bá tọ́ sí ọ̀nà tó yẹ kò ní kúrò nínú rẹ̀ tó bá dàgbà, torí ọmọ tó tọ́ dáadáa ti yà kúrò lọ́nà. Òwe ni wọ́n pe ìwé náà, àwa Yorùbá sì mọ̀ pé òwe ní ibi tí wọ́n ti ń pa á. Ẹ wo Òwe 26:4 àti 5. Ọ̀kan ní ká má dá aṣiwèrè lóhùn, èkejì ní ká dá a lóhùn. Ìgbà ló máa sọ èyí tó yẹ. Ẹni tó bá sọ òwe di ìwé àdéhùn á kàn máa dá ara rẹ̀ lẹ́bi lásán ni.

Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ṣíṣí ibi tójú bá bà sí sílẹ̀. Mi ò sọ pé Ọlọ́run ò lè bá èèyàn pàdé níbẹ̀, àmọ́ kò ṣe é fi gbé ìgbàgbọ́ ró. Ẹ mú ìwé kan, kẹ́ ẹ máa kà á lọ láti ìbẹ̀rẹ̀, orí kan lóòjọ́. Ìbéèrè tí ìwẹ̀fà ará Etiópíà bi Fílípì nínú Ìṣe 8 ni kẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ bi ara yín: ta ni wòlíì yìí ń sọ̀rọ̀ rẹ̀? Ẹ bi í kẹ́ ẹ tó béèrè ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń sọ fún yín. Ìwẹ̀fà náà ò sì tijú láti sọ pé òun nílò ẹni tó máa tọ́ òun sọ́nà, torí náà ẹ wá ẹnì kan tàbí méjì tẹ́ ẹ ó jọ máa kà á.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Jeremáyà 27 dé 29 lọ́sẹ̀ yìí. Láwọn àárọ̀ tí ọkàn yín bá kọ̀ tí kò balẹ̀, ẹ ka Sáàmù 13 sókè fún Ọlọ́run kẹ́ ẹ tó ka ohunkóhun mìíràn. Ẹsẹ mẹ́fà péré ni, “yóò ti pẹ́ tó, Olúwa?” ló sì fi bẹ̀rẹ̀.