Ìbéèrè Òǹkàwé Lórí Ẹ̀rọ Inú Ilé: Giramafóònù Tí Ń Falẹ̀, Ímeèlì Tí A Kò Béèrè, àti Sípíkà Tí Kò Ní Báàsì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, olóòtú wa. Ọmọ mi tí ó ń gbé ní Houston, ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, fi giramafóònù kan àti ẹ̀rọ agbóhùnsókè ránṣẹ́ sí mi kí n lè máa gbọ́ àwọn àwo àpàlà àti sákárà tí mo ti ń kó jọ láti ìgbà èwe mi. Ẹni tí ó ń bá wa ṣe iná ní kí n kàn pààrọ̀ ẹnu púlọ́ọ̀gì, ṣùgbọ́n ọmọ mi kìlọ̀ pé n kò gbọdọ̀ dán an wò, mo sì lọ ra tiransifọ́mà. Ẹ̀rọ agbóhùnsókè ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Àwo ni kò dùn ún gbọ́: olórin ń fa ọ̀rọ̀ nílẹ̀ bí ẹni tí oorun ń kùn, ohùn rẹ̀ sì ti wálẹ̀ ju bí mo ti mọ̀ ọ́n lọ. Ṣé giramafóònù náà ti bàjẹ́ lójú ọ̀nà ni? — Olùkọ́ fẹ̀yìntì, Abẹ́òkúta.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú àwọn àwo náà, olùkọ́ wa. Giramafóònù yín kò bàjẹ́. Iná tí ó ń lò ni ó yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ṣe é fún. Iná inú ilé ní Amẹ́ríkà jẹ́ 120 fólítì, tiwa ní Nàìjíríà sì jẹ́ 230. Òótọ́ ni ọmọ yín sọ, nítorí pé bí ẹ bá pààrọ̀ ẹnu púlọ́ọ̀gì nìkan, ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún 120 yóò gba ohun tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì, yóò sì jó. Tiransifọ́mà ti yanjú ìyẹn. Ohun tí kò lè yanjú ni iye ìgbà tí iná ń lọ tí ó ń bọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tí wọ́n máa ń kọ sí ẹ̀yìn ẹ̀rọ pẹ̀lú àmì Hz. 60 ni ti Amẹ́ríkà, 50 ni tiwa, kò sì sí tiransifọ́mà tí ó lè sọ 50 di 60.

Nínú ọ̀pọ̀ giramafóònù àtijọ́, mọ́tò tí ń yí àwo ń tẹ̀lé Hz yìí gẹ́lẹ́. Níwọ̀n ìgbà tí Hz ti fi ìdá kan nínú mẹ́fà dín, ìyípo àwo náà yóò dín bákan náà, tí ó fi jẹ́ pé àwo ńlá tí ó yẹ kí ó yí ní ìgbà 33 àti ìdá kan nínú mẹ́ta ní ìṣẹ́jú kan kò ní yí tó ìgbà 28, àwo 78 yóò sì di 65. Ohùn olórin àti ohùn ìlù yóò wálẹ̀ pọ̀, orin yóò sì gùn ju bí wọ́n ti kọ ọ́ lọ. Ẹ lè fìdí èyí múlẹ̀ fúnra yín láìná kọ́bọ̀: ẹ lẹ ìwé funfun kékeré mọ́ etí ibi tí àwo ń jókòó lé, ẹ fi ẹ̀rọ sí ipò 33, kí ẹ sì ka ìyípo rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ó yẹ kí ó jẹ́ 100. Bí ẹ bá ka nǹkan bí 83, a jẹ́ pé Hz ni.

Àtúnṣe wà. Lórí mọ́tò náà ni púlì kékeré kan wà tí ó ń gbé ìyípo fún àwo, àwọn ilé-iṣẹ́ kan sì máa ń ṣe é ní oríṣi méjì, ọ̀kan fún 60 Hz, èkejì tí ó tóbi díẹ̀ fún 50. Oníṣẹ́ rédíò tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ lè bá yín wá èyí tí ó tóbi, tàbí kí ó wọn ti tẹ́lẹ̀ kí àwọn tí ń fi ẹ̀rọ gé irin sì ṣe tuntun. Bí ìyẹn kò bá ṣeé ṣe, ẹ sọ fún ọmọ yín pé giramafóònù tí orí ṣájà rẹ̀ ní àkọlé 100–240V, 50/60Hz ni kí ó wá. Irú èyí ń sọ iná di irú ti bátìrì kí ó tó dé ọ̀dọ̀ mọ́tò, nítorí náà kò sí orílẹ̀-èdè tí kò ti lè yí bó ṣe yẹ, kò sì nílò tiransifọ́mà rárá.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹ kò béèrè, ṣùgbọ́n tí ó ká mi lára nítorí irú àwo tí ẹ ní. Bí àwọn kan nínú wọn bá jẹ́ 78, èyí tí ó wúwo tí ó sì máa ń fọ́ bí ó bá bọ́ lọ́wọ́ ẹni, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fi abẹ́rẹ́ àwo 33 kọ ọ́. Ojú ọ̀nà tí abẹ́rẹ́ ń tọ̀ lára àwo 78 fẹ̀ ju ti àwo 33 lọ dáadáa, abẹ́rẹ́ kékeré yóò sì máa wọ́ nísàlẹ̀ pátápátá níbi tí eruku ń kó jọ sí, tí ariwo yóò fi bo orin mọ́lẹ̀. Wọ́n ṣì ń ta abẹ́rẹ́ 78 lọ́tọ̀. Ẹ má sì fi sípírítì nu àwo 78 láé, nítorí pé oje kòkòrò tí wọ́n ń pè ní shellac wà lára ohun tí wọ́n fi ṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn, sípírítì sì máa ń yọ́ ọ. Omi díẹ̀, ọṣẹ tí kò le, àti aṣọ tí ó rọ̀ ti tó. Kí omi má ṣáà kan ìwé tí ó wà láàárín àwo. Nígbà tí ìyípo bá ti bọ̀ sípò, ẹ jẹ́ kí ẹnìkan bá yín gba àwọn orin náà sílẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Àwo àpàlà mìíràn wà tí wọn kò tẹ̀ mọ́, ọwọ́ irú yín nìkan ni a ti lè rí i.

Ìbéèrè: Olóòtú ọ̀wọ́n, aṣọ àdìrẹ ni mo ń tà, ímeèlì ni mo sì fi ń bá àwọn oníbàárà mi ní Lọ́ńdọ̀nù sọ̀rọ̀. Ímeèlì tí n kò béèrè ti pọ̀ débi pé n kò rí ti oníbàárà mọ́. Mo ń tẹ ibi tí wọ́n kọ “Unsubscribe” sí, ṣe ni ó tún ń pọ̀ sí i. Ọ̀kan tilẹ̀ wá lórúkọ báńkì mi, ó ní wọn yóò ti àkáǹtì mi pa bí n kò bá fi nọ́ńbà BVN ránṣẹ́. — Aláṣọ, Ìbàdàn.

Ìdáhùn: Ẹ má fèsì sí èyí tí ó ń béèrè BVN, ẹ má sì tẹ ohunkóhun nínú rẹ̀, nítorí pé iṣẹ́ gbájú-ẹ̀ ni. Orúkọ tí ó hàn lókè ímeèlì kò jámọ́ nǹkan kan, ẹnikẹ́ni ló lè kọ orúkọ báńkì síbẹ̀. Ẹ wo ohun tí ó tẹ̀lé àmì @ nínú àdírẹ́sì ẹni tí ó fi ránṣẹ́. Bí ó bá tilẹ̀ jọ ti báńkì, nọ́ńbà tí ó wà lẹ́yìn káàdì ATM yín ni kí ẹ pè, kì í ṣe èyí tí wọ́n kọ sínú ímeèlì.

Ní ti àwọn yòókù, oríṣi méjì ni wọ́n, ìwà tí a sì ń hù sí ọ̀kan kò yẹ èkejì. Bí ó bá jẹ́ ilé ìtajà tí ẹ ti rajà rí tí ẹ sì fún ní àdírẹ́sì yín, ẹ tẹ “Unsubscribe”. Òfin Ìdáàbòbò Détà ti Nàìjíríà, ti ọdún 2023, fún yín ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀ kí wọ́n máa lo détà yín fún ìpolówó ọjà, bí wọ́n bá sì kọ etí ikún, ẹ lè fi ẹjọ́ wọn sùn ní àjọ Nigeria Data Protection Commission. Bí ó bá jẹ́ ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí, bí ẹ bá ti tẹ ibẹ̀ ni ẹ ti jẹ́ kí ó mọ̀ pé ènìyàn ń ka àdírẹ́sì náà, àdírẹ́sì tí ènìyàn ń kà sì ni wọ́n ń tà fún ara wọn. Àwòrán inú ímeèlì pàápàá lè ṣe iṣẹ́ yìí, nítorí pé wọ́n máa ń fi àwòrán tí kò ju ẹyọ àmì kan lọ pamọ́ síbẹ̀, èyí tí fóònù yín yóò lọ gbé wá láti ọ̀dọ̀ wọn ní kété tí ẹ bá ṣí i. Nínú Gmail, ẹ lọ sí ètò rẹ̀ kí ẹ sọ fún un pé kí ó máa béèrè lọ́wọ́ yín kí ó tó fi àwòrán hàn, kí ẹ sì máa tẹ “Report spam” dípò kí ẹ kàn pa ímeèlì rẹ́, torí bẹ́ẹ̀ ni ẹ ṣe ń kọ́ ọ láti dá irú wọn mọ̀.

Ẹ máa yẹ inú Spam wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, nítorí pé ìwé oníbàárà máa ń ṣìnà síbẹ̀, lẹ́yìn 30 ọjọ́ ni Gmail sì ń pa ohun tó wà níbẹ̀ rẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí àdírẹ́sì kejì tí ẹ ó máa fi forúkọ sílẹ̀ káàkiri, kí ti àkọ́kọ́ lè jẹ́ ti ọjà nìkan. Ìyọnu yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀: ní ọjọ́ 3 oṣù karùn-ún ọdún 1978 ni Gary Thuerk, tí ó ń bá ilé-iṣẹ́ Digital Equipment Corporation ta kọ̀ǹpútà, fi ìpolówó kan ránṣẹ́ sí nǹkan bí 400 ènìyàn lórí ARPANET, ìsokọ́ra kọ̀ǹpútà tí ó ṣáájú íńtánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì bínú sí i gan-an.

Ìbéèrè: Àtẹ̀jíṣẹ́ ìpolówó orí fóònù ńkọ́? — Awakọ̀, Òṣogbo.

Ìdáhùn: Ẹ kọ STOP, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí 2442. Àjọ NCC, tí ń ṣàkóso ètò ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, ni ó pàṣẹ fún àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù láti ṣètò rẹ̀.

Ìbéèrè: Láti ìgbà tí a ti kó lọ sí ilé tuntun, orin inú sípíkà mi méjèèjì kò ní báàsì mọ́. Bí a bá sì wà lórí ínfátà, wọ́n máa ń kùn. Ṣé kí n ra sípíkà mìíràn ni? — Òǹkàwé yín, Ìlọrin.

Ìdáhùn: Ẹ má tíì ra ohunkóhun. Ó ṣeé ṣe kí ẹni tí ó tún wáyà so ti fi ti pupa sí ojú dúdú lára ọ̀kan nínú wọn. Nígbà tí ọ̀kan bá ń ti afẹ́fẹ́ síwájú, èkejì yóò máa fà á sẹ́yìn, wọn yóò sì máa pa báàsì ara wọn. Ẹ pa ẹ̀rọ, kí ẹ pààrọ̀ wáyà méjèèjì lẹ́yìn sípíkà kan ṣoṣo, kí ẹ sì tún gbọ́.

Ní ti kíkùn, ọ̀pọ̀ ínfátà olówó pọ́ọ́kú kì í gbé iná tí ń lọ geere jáde, ẹ̀rọ orin sì máa ń fi ìyẹn hàn ju gílóòbù lọ. Èyí tí wọ́n bá kọ “pure sine wave” sí lára ni ó bá orin mu. Bí ó bá ń kùn lórí iná NẸ́PÀ pẹ̀lú, tí ẹ sì so tẹlifíṣọ̀n mọ́ ẹ̀rọ orin náà, ẹ yọ wáyà díìṣì kúrò lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n. Bí ó bá dákẹ́, ibẹ̀ ni ó ti ń wọlé, wọ́n sì ń ta ohun kékeré kan tí wọ́n ń pè ní isolator tí a ń fi sáàárín wáyà náà. Oníṣẹ́ mìíràn yóò ní kí ẹ gé ẹsẹ̀ kẹta púlọ́ọ̀gì, èyí tí í ṣe ti ilẹ̀. Ẹ má gbà fún un, nítorí pé ẹsẹ̀ yẹn ni iná yóò gbà lọ sínú ilẹ̀ bí wáyà tí iná wà nínú rẹ̀ bá kan ara irin ẹ̀rọ. Bí kò bá sí níbẹ̀, ara ẹni tí ó bá fọwọ́ kàn án ni iná náà yóò gbà.