Ìsàlẹ̀ ìwé ilẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ìwé tí wọ́n fi ta oko bàbá bàbá yín lọ́nà Ìfẹ̀tẹ̀dó ti bọ́ sí yín lọ́wọ́, ẹ wá ń bèèrè bóyá ó lè jẹ́ kẹ́ ẹ mọ bí àwọn tó wà nínú rẹ̀ ṣe tan mọ́ yín. Á ṣe é dáadáa, àmọ́ ẹ fi orúkọ ẹni tó ni ilẹ̀ sílẹ̀ ná. Ẹ lọ sísàlẹ̀, níbi tí wọ́n ti tẹ̀ka.

Ẹnì kan ò lè dá ilẹ̀ ẹbí tà. Bí olórí ẹbí bá tà á láìfi ti àwọn àgbà yòókù ṣe, wọ́n lè gbé e lọ sí kóòtù kí wọ́n fagi lé e. Ẹni tó bá gbọ́n tó fẹ́ ra ilẹ̀ á rí i pé ìdí igi kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àwọn ọmọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan, rán ẹnì kan wá.

Nínú ìwé tiwa ní Ìlódè, n'Ílé-Ifẹ̀, àtàǹpàkò mẹ́rin ló wà níbẹ̀, tàdáwà rẹ̀ ti ṣá. Gbogbo ilé ló gbà pé ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Àfìgbà tí mo rí bébà kékeré tí wọ́n fi pín owó: ọ̀nà mẹ́ta ọgbọọgba, ẹni méjì jọ mú ìpín kan. Ìdí igi ni wọ́n fi pín in, kì í ṣe orí-ò-jorí, tí ọmọ kọ̀ọ̀kan á mú ìpín tirẹ̀. Ìyàwó mẹ́ta ló bímọ fún bàbá nìyẹn! Ọ̀kan nínú àwọn tó tẹ̀ka sì jẹ́ obìnrin tó lọ́kọ sí Iléṣà, tẹ́nikẹ́ni ò dárúkọ rẹ̀ rí nínú ilé.

Ṣùgbọ́n ẹ má sọ gbogbo orúkọ di ẹbí o. Ẹlẹ́rìí lè jẹ́ ẹni tí wọ́n jọ pààlà. Ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀, ìyẹn owó tàbí irè oko tí wọ́n ń fún onílẹ̀, orí ilẹ̀ onílẹ̀ ló ti ń dáko. Èyí tó le jù ni ìdógò: olówó lè máa ká kòkó lóko onígbèsè títí, àwọn ọmọ olówó á wá máa búra pé ti bàbá àwọn ni.

Ọdún 1991 ni wọ́n dá ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ láti ara Ọ̀yọ́, tí olú-ìlú rẹ̀ jẹ́ Ìbàdàn, nítorí náà Ìbàdàn ni kẹ́ ẹ ti kọ́kọ́ wá ìwé tó bá ṣáájú ìyẹn. Fáìlì ayé òyìnbó nípa Ifẹ̀ wà ní National Archives, nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Bẹ́ ẹ bá rí ẹjọ́ ilẹ̀, ẹ kà á tán: ẹni tó bá fi ìtàn ìran rẹ̀ gba ilẹ̀ ní láti ka ìran náà láti orí ẹni tó kọ́kọ́ dá oko níbẹ̀. Wọ́n ń parọ́ dáadáa níwájú adájọ́ o. Ibi tí olùpẹ̀jọ́ àti olùjẹ́jọ́ bá ti fẹnu kò nìkan ni èmi máa ń gbà.