Wáìnì tó ṣẹ́kù sínú ife

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí n máa tọ́jú pẹpẹ ní ìjọ Lutheran wa n'Íbàdàn. Kí ni kí n ṣe sí wáìnì Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa tó bá ṣẹ́kù sínú ife? (Òǹkàwé, Apata)

Ìdáhùn: Ẹ má dà á padà sínú ìgò, ẹnu ti kàn án. Ìgbàgbọ́ ìjọ yín ni pé ẹ̀jẹ̀ Olúwa wà níbẹ̀ nítòótọ́, kì í ṣe ohun tí à ń dà sí gọ́tà. Kí pásítọ̀ mu ún tán, tàbí kí ẹ dà á sí ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ kì í tẹ̀. Omi tí ẹ bá fi ṣan ife, ibẹ̀ náà ni.

Aṣọ pẹpẹ ló ń fa wàhálà jù. Bí wáìnì bá ta sí i, omi tútù ni kí ẹ tètè rẹ ẹ́ sí. Bí áyọ́ọ̀nù bá fi lè kàn án pẹ̀lú àbàwọ́n lára, ó parí.