Ìbéèrè Yín: Iná Ìtàgé fún Eré Olórin Tí Owó Rẹ̀ Kò Pọ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá olóòtú. Ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa ní Àgbádárìgì ń múra eré olórin kan sílẹ̀, nípa àwọn ẹrú tí wọ́n ń fi ọkọ̀ kó kọjá ọ̀sà lọ sí Gberefu, ní etí òkun tí ẹni tó bá débẹ̀ kì í padà wálé mọ́. Gbọ̀ngàn ilé-ìwé kan ni a ó lò. Jẹnẹrétọ̀ 2.5 kVA ni a ní, owó iná kò sì ju 350,000 náírà lọ. Ẹnì kan ní kí a ra iná hálójìn ńlá mẹ́rin. Ṣé yóò tó wa? (Olùdarí eré, Àgbádárìgì)

ÌDÁHÙN: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì ra ohunkóhun. Wáàtì 1,000 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan irú iná hálójìn ìtàgé bẹ́ẹ̀ sábà máa ń jẹ, nítorí náà mẹ́rin yóò jẹ 4,000, nígbà tí jẹnẹrétọ̀ yín kò lè gbé ju bíi 2,000 lọ, kí a tó wá dárúkọ ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Iná LED tí ń jẹ nǹkan bíi wáàtì 100 ni mo fara mọ́, mẹ́jọ péré, kí ẹ sì yá wọn ni, nítorí bí ẹ bá rà wọ́n, inú yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni wọn yóò ti máa gba eruku títí di ọdún tó ń bọ̀. Ẹ tan ọ̀kọ̀ọ̀kan wò níbi tó dákẹ́ kí ẹ tó gbé e, torí pé fáànù inú òmíràn a máa kùn, akọrin tó ń fi ohùn lásán kọrin kò sì ní fẹ́ kí fáànù máa bá òun gberin.

Ẹ gbé mẹ́rin síwájú, méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì, lókè, kí ìmọ́lẹ̀ wọn máa bọ́ sójú akọrin bí oòrùn aago mẹ́ta ààbọ̀ ọ̀sán. Bí ó bá ti òkè tààrà wá, ihò ojú yóò ṣókùnkùn. Bí ó bá ti ìsàlẹ̀ wá, ènìyàn yóò dà bí iwin. Ẹ sún wọn mọ́ ìtàgé, nítorí bí iná bá fi ìlọ́po méjì jìnnà sí i, ìdá kan nínú mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ni yóò kù. Méjì yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Méjì tó kù, ẹ gbé wọn sókè lẹ́yìn, kí wọ́n máa tàn sí orí àti èjìká: awọ dúdú níwájú aṣọ dúdú a máa rì mọ́ ọn, ìlà ìmọ́lẹ̀ tín-ín-rín yìí ni yóò sì yọ ọ́ jáde. Bí mo bá ní iná mẹ́ta péré, ọ̀kan yóò wà lẹ́yìn.

Ti òkun kò gba owó rárá. Ẹ to àfọ́kù dígí tí a fi ń wojú sínú abọ́ fífẹ̀ tí kò jìn, ẹ bu omi lé e, kí ẹ fi tọ́ọ̀ṣì alágbára, tí kì í ṣe iná oníwáyà, tàn sí i ní ìdabùú, kí ẹnì kan máa fi ìka ru omi náà pẹ̀lẹ́. Ìgbì yóò máa rìn lára aṣọ funfun tí ẹ bá ta sẹ́yìn. Ní eré kan tí mo bá wọn ṣe, ọmọ tí a fi sídìí abọ́ sùn lọ, òkun sì dúró gbagidi láàárín orin àwọn atukọ̀. Àgbàlagbà ni kí ẹ fi síbẹ̀.

Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà síta nítorí ariwo àti èéfín, wáyà tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 2.5 mm² ni kí ẹ fi fa iná wọlé, kí ẹ sì tú wáyà náà tán pátápátá, nítorí wáyà tó ká jọ a máa gbóná. Ẹni tí yóò máa yí iná padà gbọ́dọ̀ mọ orin náà dénú, kí iná máa yí díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ohùn, kí ó má fò fìrì. Bí òkùnkùn bá sì bo gbogbo ìtàgé, ẹ má ṣe pa iná kékeré tó wà lórí tábìlì adarí orin, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ni àwọn akọrin ń wò kí wọ́n tó gbé ohùn sókè.