Android ni kí n kọ́kọ́ ṣe, àbí iPhone?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń ṣe áàpù tí yóò máa kọ́ àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun ní lẹ́tà Yorùbá. Owó ọwọ́ mi kò ká Android àti iPhone pa pọ̀. Èwo ni kí n kọ́kọ́ gbé jáde? Níbo ni wọ́n ti ń sanwó?

Ìdáhùn: iPhone ni, nítorí àwọn tí ẹ ń ṣe é fún. iPhone wọ́pọ̀ lọ́wọ́ òbí tó wà ní London tàbí Houston, káàdì wọn sì ti wà lórí rẹ̀. Wọ́n á tẹ bọ́tìnì ẹ̀gbẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, fóònù á wojú wọn, owó ti wọlé nìyẹn. Android ló lérò jù lágbàáyé, àmọ́ App Store, ọjà áàpù ti iPhone, ló ń pawó jù. Ká ní Ìbàdàn ni oníbàárà yín wà ni, Android ni ǹ bá ní kí ẹ ṣe: Tecno, Infinix àti itel ló kún ọwọ́ wọn, ìpolówó ọjà ni áàpù sì sábà fi ń jẹun níbẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó lè gbé áàpù jáde, Apple tó ni iPhone ń gba dọ́là 99 lọ́dọọdún, Google tó ni Android ń gba 25 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ tún máa nílò kọ̀ǹpútà Mac fún ti iPhone. Ẹ forúkọ sílẹ̀ fún ètò oníṣòwò kékeré Apple, kí wọ́n lè máa yọ 15 nínú 100 lára owó yín. Ẹni tí kò bá forúkọ sílẹ̀, 30 ni wọ́n ń yọ.

Ẹ má gba owó lóṣooṣù lọ́wọ́ àwọn òbí o. Lẹ́tà Yorùbá 25 péré ni; bọ́mọ bá ti mọ̀ ọ́n tán, òbí á fagi lé e. Ẹ fi lẹ́tà márùn-ún àkọ́kọ́ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, kí wọ́n ra ìyókù lẹ́ẹ̀kan. Tẹ́ ẹ bá fi í sí abala àwọn ọmọdé, ìbéèrè tí ọmọ kékeré ò lè dáhùn gbọ́dọ̀ wà ṣáájú ibi ìsanwó, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ Apple á dá a padà.

Ní ti bó ṣe ń ṣiṣẹ́, fóònù Android olówó pọ́ọ́kú ni yóò yọ yín lẹ́nu lọ́jọ́ iwájú. Ọmọ á fọwọ́ kan “gb”, ohùn á pẹ́ kó tó jáde, á tún tẹ̀ ẹ́, ohùn méjì á wá gorí ara wọn. Ẹ ti kó gbogbo ohùn sínú mẹ́mọ́rì kí ojú ìwé tó ṣí. Lẹ́tà bí “ẹ́” náà ń fa wàhálà: àmì méjì ni kọ̀ǹpútà fi ń kọ ọ́, àwọn fọ́ǹtì (ìrísí lẹ́tà) kan sì máa ń ju àmì ohùn sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ di fọ́ǹtì Noto Sans mọ́ áàpù yín, ẹ má gbára lé fọ́ǹtì orí fóònù.

Kẹ́ ẹ tó dé orí Android, ẹ ti wá èèyàn 12 sílẹ̀. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí àkáǹtì ara rẹ̀, Google ò ní jẹ́ kó gbé áàpù síta àfi tí àwọn 12 yìí bá ti dán an wò fún ọjọ́ 14 gbáko láìyọwọ́.